Ẹsẹ̀ Kan ní Pálọ̀, Ẹsẹ̀ Kan lórí Omi

Akọ̀wé yín ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Yóò máa pe ara rẹ̀ ní "akọ̀wé yín" títí ìtàn yìí yóò fi parí, kó lè dà bí ẹni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, nítorí pé ojú ọgbẹ́ itan rẹ̀ kò tíì jinná, àwọn ọmọ Molutehin kò sì tíì yéé fi í kọrin. Bí "mo" bá ṣèèṣì yọ jáde níbì kan, ẹ mọ̀ pé inú ló ń bí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Òkun gba ilé ìyá rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìròyìn tuntun mọ́ létíkun Ìlàjẹ: láti Ayétòrò, ìlú tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, títí dé Awoye àti Molutehin, ọ̀pọ̀ ilé ló ti bá omi lọ. Àwọn ọmọ Màmá dá owó, wọ́n kọ́ ilé pákó tuntun sórí òpó, wọ́n sún un sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lẹ́nu òkun. Wọ́n pín iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n àgbà ra páànù. Àbúrò obìnrin tó wà ní Wàrri gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wá. Nígbà tó kan akọ̀wé yín, wọ́n wo ìka ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ bójú tó ọ̀ṣọ́ pálọ̀, níbi tí kò ti ní í ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Wọn kò mọ̀ pé ó ti lọ sí Kutọnu.

Ọmọ Ìlàjẹ kì í ṣe àlejò ní Kutọnu. Ó pẹ́ tí àwọn apẹja wa ti ń tẹ̀ lé ẹja gba etíkun lọ síbẹ̀, àwọn kan sì kọjá ibẹ̀ lọ. Àbúrò Màmá ọkùnrin kan ń gbé níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni akọ̀wé yín wọ̀ sí. Aládùúgbò bàbá yìí, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, pè wọ́n wọlé wá mu kọfí. Pálọ̀ náà! Bébà aláwòrán ló bo ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè, àwòrán pupa lórí funfun: darandaran tó ń fun fèrè, omidan tó jókòó lábẹ́ igi, àgùntàn tó sanra bí ẹni pé kò gbọ́ nípa ọdún Iléyá rí. Díńgí gàgàrà tí etí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ góòlù fẹ̀yìn ti ògiri. Àga méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ewúrẹ́. Akọ̀wé yín jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó fi ìka méjì mú ife kọfí bíńtín náà, àyà rẹ̀ sì sọ fún un pé ilé la dé yìí. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, tó ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti kékeré, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé Faransé lòun.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ẹni tí òun jẹ́ kì í dákẹ́ ẹnu. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, akọ̀wé yín ti kàwé débi pé kò sẹ́ni tó lè bá a jókòó jẹun mọ́. Ó ń ṣàlàyé fún awakọ̀ ojú omi pé toile de Jouy ni wọ́n ń pe irú àwòrán pupa orí funfun yẹn. Ó ní ìlú kan ń jẹ́ Jouy-en-Josas, lẹ́bàá Versailles, níbi tí Christophe-Philippe Oberkampf, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti dá ilé iṣẹ́ aṣọ títẹ̀ sílẹ̀ ní 1760, kété tí wọ́n fagi lé òfin tó ti ka aṣọ títẹ̀ léèwọ̀ nílẹ̀ Faransé láti 1686. Igi gbígbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Nígbà tó di 1770, wọ́n bọ́ sórí abala bàbà tí wọ́n fi irin fín, èyí tó lè gbé irun àgùntàn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gorí bébà. Awakọ̀ ní ṣé yóò san owó ẹrù tàbí kò ní í san.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà Molutehin fara balẹ̀ gbọ́ àsọyé yìí tán. Nítorí pé akọ̀wé yín fẹ́ fi hàn pé òun mọ̀tún mòsì, ó fi kún un pé irú aṣọ títẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ìlú Nantes ń kó wá sí etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀ láyé òwò ẹrú. Bàbá nu imú, ó wò ó títí.

"Ohun tí wọ́n fi ra àwọn baba wa lọ ni ìwọ tún wá fẹ́ fi owó ara rẹ rà, kí o lẹ̀ mọ́ ògiri ìyá rẹ?"

Akọ̀wé yín yí ọ̀rọ̀ sí ti ẹja.

Nípàdé ẹbí, ẹ̀gbọ́n Màmá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, béèrè ẹni tó sọ fún un pé bébà ń gbé orí omi. Akọ̀wé yín ti múra sílẹ̀ de ìbéèrè yẹn. "Ìyá Àgbà, ẹ má bínú, mà. Irà ni Versailles gan-an tẹ́lẹ̀. Ọba Louis Kẹrìnlá kọ́ ààfin sí i, ó sì to díńgí 357 sí gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, láàárín 1678 sí 1684."

"Omi pọ̀ níbẹ̀ nìyẹn?"

"Omi ò tó wọn rárá, mà. Kẹ̀kẹ́ ńlá 14 ni wọ́n rì sínú odò Seine láti máa fi fa omi gòkè lọ sí ọgbà ọba."

Ìyá Àgbà wo omi tó wà lábẹ́ pákó. Ó wo òkun tó ń hó níwájú. "Ẹni tó ń wá omi kiri lo wá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbélé lọ́dọ̀ rẹ̀."

Síbẹ̀, akọ̀wé yín padà sí Kutọnu, ó ra bébà ìdì mẹ́sàn-án àti díńgí àlòkù ní ọjà Dantokpa. Ó ra àga méjì náà lọ́wọ́ oníṣọ̀nà kan tó ń ṣe irú rẹ̀. Sẹ̀mẹ̀, Èkó, Ọrẹ, Òkìtìpupa, Igbókọ̀dá: ní gbogbo ibùdókọ̀, ó ń jà fún ẹsẹ̀ àga bí ìyá ìkókó. Láti Igbókọ̀dá, ọ̀nà omi ló kù. Ìgbì fọ́n sọ́kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì rí ibòmíràn balẹ̀ sí àfi páálí ìyẹ̀fun àlẹ̀mọ́ tó bá bébà wá. Kó tó gúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di òkúta kan. Mo bi ọkùnrin tó tà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé omi ò ní í ba nǹkan yìí jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló búra. Ọlọ́run rí i.

Nígbà náà ni ọgbọ́n dé. Akọ̀wé yín rántí ohun tó kà, pé ìyẹ̀fun tí wọ́n sè ni àwọn òyìnbó fi ń lẹ bébà ògiri kí ilé iṣẹ́ àlẹ̀mọ́ tó dé. Sítáàṣì gbágùúdá wà nílé. Ó gbé ìkòkò tí Màmá fi ń ro púpurú kaná. Èèyàn á kọ́kọ́ fi omi tútù po sítáàṣì, á wá da omi tó ń hó lé e lórí, á máa rò ó láìdáwọ́ dúró, títí funfun ojú rẹ̀ yóò fi lọ, tí yóò máa dán, tí yóò máa fà. Bó bá gbẹ láàárín ohun méjì, ó lágbára gan-an. Àwọn oníàdìrẹ ẹlẹ́kọ náà ló ń lò. Ìyàwó ilé kejì gbóòórùn rẹ̀, ó gbé àwo wá, ó béèrè irú ọbẹ̀ tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́.

Bàbá káfíńtà tó kọ́ ilé náà wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń kan ìṣó ìkẹyìn. Ó wo bọ́rọ́ọ̀ṣì, ó wo ìkòkò. "Bọ̀dá, pákó ń mí o. Ẹ jẹ́ kí n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, ká na aṣọ sórí igi, kí ẹ wá lẹ bébà yín mọ́ aṣọ." Akọ̀wé yín rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tó ti dé Kutọnu. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn, àlejò ìṣílé ń bọ̀ lọ́la.

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, pálọ̀ ti di ilẹ̀ Faransé. Àwọn darandaran fun fèrè yí gbogbo ògiri ká, díńgí ń tàn, àga méjèèjì dúró gbọnrangandan. Akọ̀wé yín jókòó sínú òkùnkùn, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń wo ara rẹ̀ nínú díńgí láàárín àgùntàn.

Ohun tí kò rò nìyí, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ó ti sanwó ilé ìwé rẹ̀. Atẹ́gùn òkun kì í fẹ́ lásán, iyọ̀ ló ń gbé. Iyọ̀ yìí ti wọ ara pákó kí wọ́n tó kàn án mọ́lé, nítorí etí omi ni wọ́n tò ó sí. Iyọ̀ kì í sì í gbẹ́nu dákẹ́: bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bíi 75 nínú 100, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi di omi. Létíkun Ìlàjẹ, òru wo ni ọ̀rinrin kò kọjá bẹ́ẹ̀? Pákó mu omi, ó wú. Bébà kò bá a wú bákan náà, ni oríkèé pákó kọ̀ọ̀kan bá ń fà á ya. Sítáàṣì tó wà láàárín wọn, oúnjẹ ni. Omi kàn án, ó tún padà di oúnjẹ.

Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Olóyè kan wà níbẹ̀, pásítọ̀ wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ Màmá wá tàwọn ti ankará aláwọ̀ ewé. Wọ́n gbé olóyè sórí àga Faransé kan, pásítọ̀ ní òun fẹ́ràn bẹ́ǹṣì. (Ẹ̀mí Mímọ́ ló sọ fún un.) Gbogbo ojú wà lára ògiri. Ìyá Àgbà pàápàá fọwọ́ kan àgùntàn kan, ó mú ìka rẹ̀ kúrò, ó gbóòórùn rẹ̀. "Kí ló ń rùn bíi fùfú?"

Kò tíì gba èsì tí akọ̀wé yín fi gbọ́ ohùn kan lẹ́bàá fèrèsé. *Fẹ̀rẹ̀rẹ̀.* Igun bébà kan ti jẹ́ kí ògiri lọ, ó ń tẹrí ba. Ó yọ́ rìn lọ síbẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í, ó káwọ́ lẹ́yìn bí ẹni tó ń gbatẹ́gùn. Pásítọ̀ ní ká dìde fún àdúrà. *Fẹ̀rẹ̀rẹ̀*, lápá òsì. Akọ̀wé yín na ọwọ́ òsì, ó tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. *Fẹ̀rẹ̀rẹ̀*, lápá ọ̀tún. Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Bó ṣe wà nìyẹn, apá méjèèjì nínà gbọọrọ, ojú rẹ̀ gbé sókè nítorí pé ó ń ṣọ́ àjà, òógùn bò ó, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Pásítọ̀ la ojú kan, ó rí i.

"Gbà á, arákùnrin! Máa gbà á!"

Àwọn ìyá bú sórin. Akọ̀wé yín kò lè sọ pé kì í ṣe Ẹ̀mí. Omi sítáàṣì ń wọ̀ ọ́ lẹ́yìn aṣọ, ó ń ṣàn lọ sí ibi tí kò yẹ. Aáyán kan tó ti ń jẹun lẹ́yìn bébà láti òru gba ọrùn rẹ̀ kọjá, ó ta jìgì, ni Ìyá ìjọ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè lé e lórí.

Lórí àdúrà "kò ní wó, kò ní ya," ìdì bébà tó wà lókè orí olóyè bọ́. Kò bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ì bá sàn. Ó ń ká bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, bíi kátìnnì ilé ìjọsìn, títí ó fi bo olóyè láti orí fìlà dé orókún. Darandaran kan wà níbi tí imú rẹ̀ wà, fèrè rẹ̀ ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ bí olóyè ṣe ń mí. Wọ́n fa bébà náà kúrò. Bébà kúrò, fìlà bá a lọ.

Ibi tí olóyè dìde kúrò lórí àga ni akọ̀wé yín sọ orí nù. Ó fo sórí àga náà láti lọ mú ìdì tó kù.

Àga yìí tọ́ sí àlàyé. Ayé ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, tó jọba láti 1715 títí di 1774, ni irú ẹsẹ̀ yẹn gbòde nílẹ̀ Faransé. Cabriole ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tó bá fífò ewúrẹ́ tan, ẹwà rẹ̀ sì ni pé ó tinrín débi pé àga náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀. Ilẹ̀ òkúta àti pákó dídì pinpin ni wọ́n ṣe é fún. Ilẹ̀ ilé orí omi kì í pàdé. Àlàfo ìka kan wà láàárín pákó kan sí èkejì, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni: ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni omi ìfọlẹ̀ ń gbà jáde, bí ìgbì bá sì ru láti ìsàlẹ̀, yóò rí ibi yọrí dípò kó gbé gbogbo ilẹ̀ ilé dànù. Bẹ́ǹṣì Màmá ní igi gbọọrọ nísàlẹ̀, pákó mẹ́rin ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ àga Faransé kò ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ gbé kílò 94 sórí àtàǹpàkò mẹ́rin, kí ẹ wá fò.

Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan wọ àlàfo, ó ṣẹ́ *pákí*, ó bọ́ sómi. Àga yí. Akọ̀wé yín fi gìgísẹ̀ balẹ̀ sí àárín gbùngbùn pákó kan tó ní ojú, ojú náà là, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì lọ láìdágbére, títí dé itan. Ó wá jókòó sílẹ̀ láàárín àlejò, ẹsẹ̀ kan nà síwájú rẹ̀ nínú pálọ̀, èkejì ń fì dirodiro lókè omi.

Gbogbo ilé dákẹ́. Ọmọdé kan ló sọ̀rọ̀, láti ìsàlẹ̀, láti inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń dọdẹ akàn láàárín àwọn òpó.

"Ẹ wá wò ó! Ẹsẹ̀ kan já bọ́!"

Wọ́n tó mẹ́rin nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀. Wọ́n rin ín látẹ́lẹsẹ̀. Bí wọ́n ti ń rin ín nísàlẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín lókè níwájú olóyè tí kò ní fìlà, ẹ̀rín tí kò ṣeé fi bẹ̀bẹ̀. Ọ̀kan so okùn àwọ̀n mọ́ ọmọ ìka rẹ̀. Ìyá Àgbà tẹ ẹnu mọ́ ihò, ó bá wọn wí: "Ẹ fi ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀!" Ó dìde, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ ikọ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní láti dì í mú.

Wọn kò lè fà á yọ, nítorí ẹnu pákó tó ṣẹ́ kọjú sísàlẹ̀. Èèyàn ń wọlé, kò lè jáde, bí ẹja nínú ìgèrè. Bàbá káfíńtà lọ mú ayùn wá láti ilé. Ilé rẹ̀ jìnnà. Wọ́n bu ìrẹsì fún akọ̀wé yín níbi tó wà, ẹran méjì lórí rẹ̀ nítorí ọgbẹ́. Àlejò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ mú omi, wọ́n ń kí i: "Ẹ kú ìjókòó." Omi ń kún bọ̀. Kó tó jẹun tán, ó ti kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Káfíńtà dé, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ igi. "Ẹ má mira, Bọ̀dá." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀: "Mo sọ fún yín pé pákó ń mí."

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ tí mo ń tọ́jú itan ni mo ka ìyókù ìwé tí mo ti ń kà. Nínú àwọn ilé ńlá ilẹ̀ Yúróòpù láyé ìjọ́un, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, wọn a na aṣọ sórí igi, wọn a wá lẹ bébà mọ́ aṣọ, kí ọ̀rinrin ògiri má bàa bá a. Bí bàbá káfíńtà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọkùnrin tí kò kúrò ní etíkun yìí rí ló mọ iṣẹ́ àwọn Faransé. Èmi tí mo dé Kutọnu, sítáàṣì ni mo mọ̀.

Inú sì tún ń bí mi sí nǹkan mìíràn. Ilé mélòó ni Màmá yóò tún kọ́? Ọdọọdún ni òkun ń sún wọlé, ọdọọdún ni àwọn aláṣẹ ń wá wọn ibi tí ògiri ìdènà yóò gbà, wọn a ya fọ́tò, wọn a wọ ọkọ̀ padà. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ dúró sójú kan ló lè jókòó yan irú bébà tó wù ú. Ó dáa. Akọ̀wé yín ti padà dé.

Wọ́n fi omi gbígbóná àti kànìnkànìn fọ ògiri. Pákó tó kù lábẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ eérú bíi ti gbogbo pákó tí atẹ́gùn iyọ̀ bá fọwọ́ kàn. Màmá gba díńgí nìkan. Ó ní kí wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀gangan ibi tí òun máa ń jókòó ya ẹja. Lẹ́yìn gíláàsì díńgí, fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà, ọ̀dà bò ó. Iyọ̀ ti ń gba etí wọlé jẹ fàdákà náà, àmì dúdú wínníwínní ti ń tú káàkiri bí ewé. Àwọn kan wà nílẹ̀ òyìnbó tó ń fi ásíìdì pa díńgí tuntun lára kó lè rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè tà á lówó gọbọi. Ní Molutehin, ọ̀fẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kan tí akọ̀wé yín ń tiro kọjá, oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba àlàfo pákó wọlé, ó kọ lára díńgí, ògiri eérú náà sì dán bí ìpẹ́ ẹja. Ó dúró wò ó pẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó wù ú ju ti Kutọnu lọ, Ìyá Àgbà ṣì wà láyé.

Bébà ìdì méjì ló ṣẹ́ kù, a kò tíì tú wọn, àgùntàn inú wọn sì sanra dáadáa. Ẹni tó bá ní ilé simẹ́ńtì níbi tí òkun kò dé, kó wá gbà á, a ó jọ sọ̀rọ̀ owó. Àga kan ṣì dá ṣáṣá. Ti èkejì ku ẹsẹ̀ kan, ó wà nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ ilé Màmá tàbí kí omi ti gbé e lọ sí ọ̀nà Awoye. Ẹ̀yin apẹja, bí àwọ̀n yín bá gbé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ aláwọ̀ góòlù, ẹ jọ̀ọ́, tèmi ni.